Bíìlì Iná Tó Dédé Wú: Ohun Tó Ń Fà Á, àti Ohun Tó Yẹ Kí Oníṣòwò Ṣe

 

Ọ̀rọ̀ owó iná la fẹ́ sọ lóṣù yìí. Kì í ṣe ti iná tí kò sí. Ìyẹn, a ti sọ ọ́ títí, ẹnu ti rẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ bíìlì ni. Bíìlì kan wà tó máa ń wá jẹ́jẹ́. Lóṣù yìí ₦3,000 àti díẹ̀, lóṣù tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tó ni ín á san án, á rẹ́rìn-ín, á ní àwọn oníná yìí mà ṣe dáadáa sí òun o. Ó wá di ọjọ́ kan, wọ́n mú bíìlì dé, ó ti lé ní ₦60,000. Kò ra firísà tuntun, kò gba ẹnikẹ́ni kún ṣọ́ọ̀bù. Á fi igbe ta, á ní wọ́n fẹ́ ja òun lólè.

Nígbà míì, lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ gba owó tí kò jẹ. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ó jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé gbèsè ń gorí gbèsè. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí a ń ṣe sí èyí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a ń ṣe sí ìyẹn. Bí ẹ ó ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì ni ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ má mú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bí wọ́n bá já wáyà ẹlẹ́ja yìnyín nírọ̀lẹ́ Friday, kó tó di Monday tí ọ́fíìsì á ṣí, ẹja inú firísà ti yọ́, ó ti ń rùn. Owó àjọ ló fi kó ẹja yẹn wọlé. Bíìlì kan ṣoṣo lè gbé ẹni tó ń ta ọjà sórí tábìlì padà sí orí ilẹ̀.

BÍ BÍÌLÌ ṢE Ń WÚ

Mítà tó wà lára ògiri kì í gbàgbé nǹkan. Gbogbo iná tí ẹ bá lò ló ń kà ní yúníìtì. Bí gúlóòbù oní-100 bá tàn fún wákàtí 10, yúníìtì kan nìyẹn. Mítà á máa kà á lọ, nọ́ńbà ojú rẹ̀ á máa gòkè, kì í sọ̀kalẹ̀.

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé lóṣooṣù, ẹni tó ń ka mítà á wá, á kọ nọ́ńbà tó bá níbẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á yọ nọ́ńbà oṣù tó kọjá kúrò nínú rẹ̀. Èyí tó kù ni iná tí ẹ lò. Wọ́n á fi iye owó yúníìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á fi owó orí VAT kún un, èyí tó ti di 7.5 nínú 100 láti oṣù kejì 2020. Ó parí. Ìṣirò àyọkúrò tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ni.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń ka mítà kì í wá nígbà míì. Ó lè bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, òjò lè máa rọ̀, iṣẹ́ lè pọ̀ jù fún un, ó sì lè má ráyè débi tí ẹ wà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Síbẹ̀, bíìlì gbọ́dọ̀ jáde. Ni ọ́fíìsì bá jókòó, wọ́n fojú bu iye kan. Bíìlì àfojúbù nìyẹn.

Bí àfojúbù yẹn bá pọ̀ ju ohun tí ẹ lò lọ, ariwo á sọ, ẹ ó pè é ní kírésì bíìlì. Ṣùgbọ́n bó bá kéré sí ohun tí ẹ lò, ta ló máa ń pariwo? Kò sẹ́ni. Bíìlì kékeré dùn. Bẹ́ẹ̀ owó tí a kò san yẹn kò kú, ńṣe ló sùn sínú mítà. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá ka mítà náà gan-an, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ yọ mítà àtijọ́ láti fi oníkáàdì rọ́pò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢE ÌṢIRÒ Ẹ̀

Ká sọ pé Ìyá Ẹlẹ́ja kan ní firísà, gúlóòbù àti fáànù nínú ṣọ́ọ̀bù. Yúníìtì 150 ló ń lò lóṣù. Ká fi ₦60 ṣe owó yúníìtì kan, kí ìṣirò lè rọ̀ wá lọ́rùn. Nọ́ńbà ojú mítà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 4,210.

Fún oṣù 10, kò sẹ́ni tó wá ka mítà. Ọ́fíìsì ń fojú bu yúníìtì 60 lóṣù. Bíìlì rẹ̀ jẹ́ ₦3,600, VAT ₦270, àpapọ̀ ₦3,870. Ó ń san án déédéé.

Lẹ́yìn oṣù 10, nínú ìwé àwọn oníná, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 4,810. Ṣùgbọ́n lójú mítà, ó ti di 5,710.

Ní oṣù kọkànlá, ẹni tó ń ka mítà dé, ó bá 5,860. Wọ́n yọ 4,810 kúrò nínú 5,860, ó ku yúníìtì 1,050. Wọ́n fi ₦60 sọ ọ́ di púpọ̀: ₦63,000. VAT ₦4,725. Àpapọ̀ ₦67,725.

Ṣé Ìyá Ẹlẹ́ja jẹ owó yìí? Ó jẹ ẹ́. Yúníìtì 150 jẹ́ ti oṣù yìí, 900 tó kù jẹ́ ti oṣù 10 tó kọjá, 90, 90 lóṣooṣù. Iná yẹn ló fi mú ẹja tutù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oṣù kan ló fi lò ó, kì í sì í ṣe òun ló ní kí wọ́n má wá ka mítà. Torí náà, ohun tó yẹ kó béèrè kì í ṣe pé kí wọ́n pa bíìlì rẹ́. Ohun tó yẹ kó béèrè ni pé, bí ẹ ṣe fi oṣù 10 kó o jọ, ẹ jẹ́ kí n fi oṣù 10 san án. Èyí á jẹ́ ₦9,675 fún iná oṣù yìí, pẹ̀lú ₦5,805 lóṣù lórí gbèsè àtẹ̀yìnwá. Oníṣòwò lè gbé ìyẹn. ₦67,725 lẹ́ẹ̀kan náà ló ń pa ọjà.

Ní ìlú ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà, Ofgem tó ń ṣọ́ àwọn oníná ibẹ̀ fi òfin lélẹ̀ ní 2018 pé bó bá jẹ́ àwọn oníná ló jẹ̀bi, wọn kò gbọ́dọ̀ padà wá gba owó iná tí onílé ti lò kọjá oṣù 12 sẹ́yìn. Òfin tiwọn nìyẹn, kì í ṣe tiwa. A mú un wá kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ̀sí láti béèrè pé: oṣù mélòó lẹ kó lé mi lórí yìí, kí ló sì dé tí ẹ kò ka mítà mi?

OWÓ YÚNÍÌTÌ ÀNÁ KÌ Í ṢE TÒNÍ

Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó ńlá máa ń bá jáde. Láti 2020 ni wọ́n ti pín àdúgbò sí ìsọ̀rí A dé E gẹ́gẹ́ bí wákàtí iná tó yẹ kí wọ́n máa rí lóòjọ́. A jẹ́ wákàtí 20 ó kéré tán, B 16, D 8, E 4. C tó wà láàárín jẹ́ 12. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó yúníìtì ìsọ̀rí A láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ sí ₦206.80.

Ká wá sọ pé yúníìtì 500 ló ti sùn sínú mítà ẹnì kan ní ìsọ̀rí A kí owó tó gòkè. Ní ₦68, ₦34,000 ni. Bí wọ́n bá ka mítà lẹ́yìn tí owó gòkè, tí wọ́n sì fi ₦225 ṣírò gbogbo rẹ̀, ó di ₦112,500. ₦78,500 ti wọlé lórí iná kan náà! Nítorí náà, kí ẹ tó gbà pé ẹ jẹ gbèsè, ẹ béèrè oṣù tí ẹ lo yúníìtì náà àti iye tí yúníìtì kan jẹ́ lóṣù yẹn. Ẹ tún wo ìsọ̀rí tí wọ́n kọ sínú bíìlì, bóyá ó bá iná tí ẹ ń rí mu.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀ BÓYÁ A JẸ Ẹ́ TÀBÍ A KÒ JẸ Ẹ́

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bíìlì jẹ́ ẹnìkan, mítà jẹ́ ẹnìkejì. Ẹ mú bíìlì lọ́wọ́, ẹ lọ dúró níwájú mítà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nọ́ńbà ara mítà àti èyí tó wà nínú bíìlì bára mu, torí nínú ọjà tí mítà 10 bá tò sára ògiri kan, wọ́n lè kọ ti aládùúgbò fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ka nọ́ńbà ojú mítà. Bí mítà bá jẹ́ ti àtijọ́, ẹ ka àwọn nọ́ńbà dúdú nìkan láti òsì sí ọ̀tún. Ẹ fi pupa tó wà ní ìparí sílẹ̀. Wàyí o, ẹ fi wé nọ́ńbà tuntun tí wọ́n kọ sínú bíìlì.

Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ti ojú mítà kàn fi díẹ̀ ga nítorí ọjọ́ tó ti kọjá, kíkà yẹn tọ̀nà. Bí bíìlì bá pọ̀, ó lè jẹ́ gbèsè tó sùn ló jí.

Bí nọ́ńbà bíìlì bá ga ju ti ojú mítà lọ, wọ́n ti gba owó iná tí ẹ kò tíì lò. Ẹ má san án láìjà, torí mítà kì í sáré padà sẹ́yìn.

Bí nọ́ńbà bíìlì bá kéré gan-an sí ti ojú mítà, ẹ má dunnú! Gbèsè ń sùn níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ lọ sọ ọ́ nísinsìnyí tó ṣì kéré.

Ìdánwò kan tún kù. Ẹ pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ firísà lára ògiri, kí ẹ wá wo mítà. Bí irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ bá ṣì ń yí, tàbí tí iná pupa rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú léraléra, ó lè jẹ́ pé wáyà ẹlòmíràn wà lórí mítà yín, tàbí pé wáyà ti bàjẹ́. Ẹ pe oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án fúnra yín.

TA NI A Ń BÁ SỌ̀RỌ̀?

Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pe gbogbo wọn ní NẸ́PÀ. NEPA bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ó di PHCN ní 2005. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Èyí tí Àgbádárìgì bọ́ sí ni ti Èkó, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Eko Disco, ẹ̀ka Àgbárá. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àjọ tó ń ṣọ́ wọn káàkiri orílẹ̀-èdè ni NERC. Ní oṣù kejì 2020, NERC fi òpin sí iye yúníìtì tí wọ́n lè fojú bù fún ẹni tí kò ní mítà lóṣù kan. Ní oṣù kejì 2024, ó bu owó ìtanràn bílíọ̀nù ₦10.5 lé gbogbo ilé iṣẹ́ 11 tó ń pín iná, nítorí pé wọ́n kọ bíìlì tó kọjá òpin yẹn ní 2023, ó sì ní kí wọ́n yọ àlékún náà kúrò lọ́rùn àwọn èèyàn. Ní oṣù kẹrin 2025, ó tún bu mílíọ̀nù ₦628 lé mẹ́jọ nínú wọn lórí ẹ̀sùn kan náà. Eko wà lára mẹ́jọ yẹn. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá fi ìwé sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́ ọ.

Fún àwa ará Ìpínlẹ̀ Èkó, nǹkan ti yí padà díẹ̀. Òfin iná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣọ́ iná tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2024, NERC pàṣẹ pé kí agbára rẹ̀ lórí Èkó bọ́ sọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LASERC, ó sì dá oṣù kẹfà 2025 pé kí gbogbo rẹ̀ parí. Torí náà, bí ọ́fíìsì oníná kò bá gbọ́ ẹjọ́ yín, LASERC ni ilé tó kàn. Àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà náà ń gba ẹ̀sùn.

Lára ẹ̀tọ́ tí NERC ti kéde ni ìwọ̀nyí: ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bá bíìlì tí kò tẹ́ yín lọ́rùn jà. Bó bá jẹ́ bíìlì àfojúbù lẹ ń bá jà, èyí tó kẹ́yìn tí kò sí ìjà lórí rẹ̀ lẹ ó san nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé kìlọ̀ kí wọ́n tó já wáyà. Bí wọ́n bá sì ti gba owó yín lágbàjù, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà.

BÍÌLÌ ŃLÁ TI DÉ, KÍ NI KÍ N ṢE?

Èkíní, ẹ má fà á ya, ẹ má sì sáré lọ yá owó èlé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú, koko ní í le.

Èkejì, ẹ ka mítà lọ́jọ́ náà gan-an lójú ẹlẹ́rìí kan. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, kí nọ́ńbà hàn dáadáa. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ kó bíìlì àtijọ́ àti risíìtì jọ, ẹ ṣe ìṣirò bí a ṣe ṣe ti Ìyá Ẹlẹ́ja. Ẹ ya èyí tí ẹ jẹ sọ́tọ̀, ẹ ya èyí tí ẹ kò jẹ sọ́tọ̀. Ẹ wò ó bóyá gbèsè ẹni tó lo ṣọ́ọ̀bù náà ṣáájú yín ni wọ́n dà mọ́ tiyín.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ̀dà méjì. Ọ̀kan fún wọn, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sára èkejì fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ní ọ́fíìsì, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ san bíìlì tó kẹ́yìn tí kò sí ìjà lórí rẹ̀, ní báńkì tàbí níbi tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ gba risíìtì. Ẹ má ko owó lé òṣìṣẹ́ kankan lọ́wọ́ lẹ́bàá òpó iná. Ẹni tó bá sì ní òun á bá yín yí mítà kó má lè kà mọ́, ẹ lé e. Olè ni òfin ń pe ìyẹn, ẹ̀yin ni wọ́n á sì mú.

Ẹ̀kẹfà, ìlànà NERC ni pé kí oníná yanjú ẹ̀sùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà yín tó ní òǹtẹ̀, ẹ gbé e lọ sí iwájú.

Lẹ́tà náà kò nílò gígùn. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Sí Ọ̀gá Ọ́fíìsì. Èmi ni mo ni àkáǹtì nọ́ńbà … àti mítà nọ́ńbà …, ṣọ́ọ̀bù … ní ọjà …. Bíìlì tí ẹ mú wá fún oṣù … jẹ́ ₦…. Nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ …, èyí tí mo bá lójú mítà lọ́jọ́ … jẹ́ …. Mo bẹ̀ yín kí ẹ rán èèyàn wá kà á lójú mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé ṣàlàyé àwọn oṣù tí yúníìtì yìí ti wá àti iye owó tí ẹ fi ṣírò oṣù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jẹ́ gbèsè mi, mo fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù …. Mo ti san bíìlì tó kẹ́yìn tí kò sí ìjà lórí rẹ̀, ẹ̀dà risíìtì rèé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má já wáyà mi nígbà tí a bá ṣì ń yanjú rẹ̀.”

Bí wọ́n bá gbà kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, iye tí ẹ ó máa san àti oṣù tí yóò parí. Bí wọ́n bá fún yín ní mítà oníkáàdì, ẹ béèrè bóyá wọ́n gbé gbèsè àtijọ́ sínú rẹ̀, torí wọ́n lè máa yọ díẹ̀ lára owó káàdì tí ẹ bá rà. Kí wọ́n tó yọ mítà àtijọ́, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó kẹ́yìn lójú rẹ̀. Bí mítà yẹn bá ti lọ, ẹlẹ́rìí yín ti lọ nìyẹn.

KÍ BÍÌLÌ MÍÌ MÁ BAÀ WÚ

Ẹ ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí ẹ fi ń kọ àwìn. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà ojú mítà. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà inú bíìlì àti owó tí ẹ san. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá ti ń jìnnà síra, ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì, ẹ ní kí wọ́n wá ka mítà. Bí bíìlì bá kéré ju ohun tí ẹ lò lọ, ẹ kó ìyókù pa mọ́ sínú àjọ. Owó àwọn oníná ni, ọjọ́ ni wọn ò tíì dá.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tuntun, kó tó san owó ìyá ilé, kó béèrè bíìlì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ onílé, kó ka mítà, kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé àdéhùn. Gbèsè ẹni tó jáde kò gbọdọ̀ di ẹrù ẹni tó wọlé.

A kì í bi àwìn tí a kò kọ sílẹ̀ kó má di ìjà; bẹ́ẹ̀ náà ni owó iná. Ẹni tó bá ní bíìlì tó ń rú u lójú, kó mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú mítà rẹ̀ àti risíìtì rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó má tijú; a ó jọ jókòó, a ó sì bá a kọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí èèyàn 20 láti ọjà kan bá gbé lẹ́tà 20 dání lọ́jọ́ kan náà, kò sí ọ̀gá tí kò ní dìde lórí àga.

Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́